Lẹ́tà Ìdúpẹ́ fún Afárá Tí Kò Sí

Agatha Fẹ̀sọ̀jayé kò lè ju bébà nù. Bí ẹ bá wọ yàrá rẹ̀ ní Ìpele, fáìlì lórí fáìlì lẹ ó bá níbẹ̀: fáìlì owó iná, fáìlì ìwé ṣọ́ọ̀ṣì, fáìlì ẹsẹ̀ tó ń dùn ún, àti ọ̀kan tó kọ "Oríṣiríṣi" sí lára, tó sanra ju gbogbo àwọn yòókù lọ. Tèmítáyọ̀ ọmọ rẹ̀, tó ń gbé ní Àkúrẹ́, máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé lọ́jọ́ tí ìyá òun bá dé ẹnu ọ̀nà ọ̀run, nọ́ńbà fáìlì rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ áńgẹ́lì. Agatha kì í bínú. Ohun tó máa ń fi dá a lóhùn ni pé, "Ṣé ìwọ rò pé wọn ò ní in lọ́hùn-ún ni?"

Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ló fi tẹ̀wé fún ìjọba ní Ọ̀wọ̀, iṣẹ́ náà kò sì tíì kúrò lára rẹ̀. Bí ìwàásù bá gùn ní ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà, ìka rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀wé lórí itan. Àwọn tó máa ń jókòó tì í mọ̀ pé bí ìka náà bá dúró, oorun ti gbé e lọ nìyẹn.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó ra ẹ̀rọ tí ń rin ẹ̀gẹ́, ó ra ọpọ́n ńlá méjì tí wọ́n fi ń yan gàárì, ó sì gba obìnrin mẹ́jọ síṣẹ́. Gàárì rẹ̀ dára. Ó funfun, ó gbẹ, kì í sì í ní yanrìn. Ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ tó fi ń ṣe é, òdìkejì odò kékeré kan lẹ́yìn Ìdógun ló ti ń wá. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, Boniface awakọ̀, ọmọ Ìdóàní, á wa ọkọ̀ rẹ̀ gba inú odò náà kọjá bí ẹni ń fọ táyà. Tí òjò bá dé, ó di kó dúró sí etí omi, kí wọ́n máa fi orí ru àpò ẹ̀gẹ́ wọ inú omi wá bá a. Tí omi náà bá wá kún gan-an, kò sí ẹni tó máa ru nǹkan kan. Ẹ̀gẹ́ á máa rà lọ́hùn-ún, àwọn obìnrin mẹ́jọ á jókòó yí ọpọ́n tútù ká ní Ìpele, wọn á wá máa bó ọ̀rọ̀ àwọn ọkọ wọn dípò ẹ̀gẹ́. Bí òjò bá rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kò sí ọkọ tó ń ní èèpo lára mọ́.

Afárá ni wọ́n nílò. Kì í ṣe afárá ńlá kan, èyí tí ọkọ̀ Boniface lè gbà náà ti tó.

Agatha sì tún ni akọ̀wé Ẹgbẹ́ Àwọn Olókòwò Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀. Alága wọn ni Ọ̀gbẹ́ni Akínjídé, tó ti fìgbà kan jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ ní ọ́fíìsì fún ọdún mọ́kàndínlógún, tó wá ń ṣe búlọ́ọ̀kù báyìí lójú ọ̀nà Ìkàrẹ́. Ènìyàn gígùn tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó máa ń de táì lọ wo búlọ́ọ̀kù. Agatha kò sọ fún un rí láyé pé ó ṣe àṣìṣe. Nígbà kan tí wọ́n ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀gá yìí kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé ìpàdé kan yóò wáyé ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹsàn-án. Agatha wò ó, ó mọ̀ pé oṣù kẹsàn-án kì í dé ibẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìpàdé náà kò tíì wáyé títí di òní.

Lọ́dọọdún ni ìjọba àpapọ̀ máa ń ka ìwé ìṣúná ní Àbújá, lọ́dọọdún náà sì ni ẹgbẹ́ yìí máa ń fèsì ní Ọ̀wọ̀. Bóyá Àbújá mọ̀ pé Ọ̀wọ̀ ń fèsì, ìyẹn kò yé ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n sì ṣe ń kọ èsì náà kò le rárá. Alága á ní, "Agatha, gbé ti èṣí jáde." Agatha á gbé e jáde. Alága á fi ojú tẹ̀ lé e láti òkè dé ìsàlẹ̀, á mi orí, á ní, "Kò sí àbùkù níbẹ̀. Yí déètì padà." Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní ọ́fíìsì nìyẹn, ìdajì ọmọ ẹgbẹ́ sì rèé, ọ́fíìsì ni wọ́n ti fẹ̀yìn tì wá.

Ìpínrọ̀ mẹ́ta ni lẹ́tà náà ní. Àkọ́kọ́ ń kan sáárá sí ìjọba. Ìkejì ń dúpẹ́ fún afárá Ìdógun, torí afárá náà ti wọ inú ìwé ìṣúná ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ó sì ti ń wà níbẹ̀ láti ìgbà náà. Ìkẹta ń tọrọ iná. Iná kò tíì dá wọn lóhùn.

Lọ́dún yìí, nígbà tí Alága tún ní kí wọ́n yí déètì padà, Àlàájà Rùqáyyàh na ọwọ́ sókè. Ọmọ Àkókó ni, sìmẹ́ǹtì àti irin ìkọ́lé ló ń tà ní Ọ̀wọ̀, ẹnu rẹ̀ sì mú ju irin náà lọ.

"Bàbá Alága, ẹ jọ̀ọ́, ta ló ti ka bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún yìí nínú gbogbo wa?"

Gbogbo wọn gbé ojú sókè, wọ́n ń wo fáànù àjà tí kò yí.

"Àlàájà, a gbọ́ ọ nínú rédíò," Alága fèsì.

"Rédíò wá sọ pé afárá wa wà níbẹ̀?"

"Rédíò ò sọ pé kò sí níbẹ̀."

"Háà! Ó dáa bẹ́ẹ̀ náà." Àlàájà yíjú sí Agatha. "Àǹtí mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn ìwé, ẹ bá wa wá afárá náà nínú ìwé o. Tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ bá mi kí i. Torí lójú odò, èmi àti ẹ̀ ò tíì pàdé."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Agatha náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló lọ sílé, ó yí déètì padà, Alága buwọ́ lù ú, Boniface sì gbé e lọ lọ́jọ́ Tọ́sìdeè: ẹ̀dà kan sí ọ́fíìsì tó ń bójú tó iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ lágbègbè náà, ẹ̀dà kejì sí ilé iṣẹ́ rédíò, kí wọ́n lè kà á lórí afẹ́fẹ́ ní aago mẹ́jọ àárọ̀ Sátidé.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Àlàájà kò jẹ́ kí ara Agatha lélẹ̀. Ní òwúrọ̀ Fúráìdeè, ó pe Tèmítáyọ̀ lórí fóònù, ó ní kó fi ìwé ìṣúná náà ránṣẹ́.

"Gbogbo ẹ̀, Màmá? Ìwé yẹn nípọn ju Bíbélì lọ o!"

"Bíbélì náà, mo kà á."

"Ẹ ò ka ìwé Nọ́ńbà tán."

"Fi ránṣẹ́, jàre."

Tèmítáyọ̀ fi ránṣẹ́, ó sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tẹ orúkọ ìlú sókè kí fóònù lè wá a. Agatha tẹ Ìdógun. Fóònù ní kò sí. Agatha kò gba fóònù gbọ́. Ó mú gíláàsì rẹ̀ tó fi òwú so ní apá kan, ó jókòó sẹ́bàá ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo ohun tó bá ti jẹ mọ́ ìpínlẹ̀ Oǹdó lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó rí kànga. Ó rí ilé ìwé. Ó rí ọ̀pá iná ojú títì fún ìlú kan tí kò ní iná. Àwọn obìnrin rẹ̀ bó ẹ̀gẹ́, wọ́n rin ín, wọ́n gbé e sábẹ́ jáàkì tó ń fún omi rẹ̀ jáde, ó ṣì ń kà. Nígbà tí oòrùn fi dé àárín orí, ó ti kà á tán lẹ́ẹ̀mejì.

Afárá Ìdógun kò sí níbẹ̀. Wọ́n ti yọ ọ́.

Ó bọ́ gíláàsì, ó wo àwọn obìnrin mẹ́jọ náà. Lọ́la, ní aago mẹ́jọ, rédíò yóò sọ fún gbogbo ayé pé àwọn olókòwò Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀ ń dúpẹ́ gidigidi lọ́wọ́ ìjọba fún afárá kan tí ìjọba ti yọ kúrò nínú ìwé. Tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ta ni wọ́n máa tún sunkún afárá sí létí? Òjò sì ti ń kóra jọ lókè Ìdóàní.

Ẹlòmíràn ì bá kàn pe rédíò lórí fóònù. Ṣùgbọ́n Alága ló buwọ́ lu lẹ́tà náà, Alága ló gbọ́dọ̀ dá a dúró, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ sọ fún Alága pé ó ṣe àṣìṣe. Agatha mọ ẹni náà. Ẹni náà ti ń làágùn.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló mọ̀. Ní ọ́fíìsì, ènìyàn kì í la ẹnu sọ fún ọ̀gá pé ó ṣì í. Ènìyàn á kọ ọ́ sínú fáìlì, á kọ "Fún àkíyèsí yín, sà" sókè rẹ̀, á sì gbé fáìlì náà síwájú ọ̀gá bí ẹni tí kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Agatha mú fáìlì tuntun, ó kọ ìlà mẹ́rin sínú rẹ̀, ó sì ní kí Boniface gbé òun lọ sí Ọ̀wọ̀.

"Màmá, ṣé kò sí nǹkan o?" Boniface bèèrè lójú ọ̀nà. "Ìka yín ń tẹ̀wé láti Ìpele."

"Máa wo ojú ọ̀nà ẹ."

Wọ́n bá Alága nídìí búlọ́ọ̀kù, ó de táì, ó ń fi páìpù wọ́n omi sí búlọ́ọ̀kù àná. Agatha kúnlẹ̀ kí i, ó na fáìlì náà sí i. Alága ti páìpù, ó nu ọwọ́, ó ṣí fáìlì náà. Ó kà á. Ó tún un kà. Lẹ́yìn náà ló yọ bírò láti inú àpò, ó kọ nǹkan kan síbẹ̀, ó sì dá fáìlì padà fún Agatha tó dúró níwájú rẹ̀ gan-an, tí kò jìnnà ju ẹsẹ̀ méjì lọ.

Ohun tó kọ ni: "Jọ̀wọ́, wá bá mi sọ ọ̀rọ̀ yìí."

Agatha kà á. Ó gba bírò, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Mo ti dé, sà." Ó buwọ́ lù ú, ó kọ déètì, ó dá a padà.

Alága ti ń gbé bírò sókè láti fèsì nígbà tí ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì Àlàájà Rùqáyyàh wọlé. Àlàájà sọ̀ kalẹ̀, ó dúró, ó ń wo àwọn àgbà méjì tó ń fún ara wọn ní fáìlì láìsọ̀rọ̀.

"Ẹ̀yin méjèèjì ń jà ni?"

"Iṣẹ́ là ń ṣe," Alága wí.

Àlàájà kò béèrè ààyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó mú fáìlì náà, ó kà á sókè. "'Jọ̀wọ́, wá bá mi sọ ọ̀rọ̀ yìí.' 'Mo ti dé, sà.' Yéè! Ẹ gbà mí o!" Ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù tútù láti rẹ́rìn-ín, omi gba inú aṣọ rẹ̀, kò sì dìde. Ìgbà tó dé ìlà tó sọ pé wọ́n ti yọ afárá ni ẹ̀rín náà tán lẹ́nu rẹ̀. "Wọ́n yọ ọ́? Lóòótọ́, Àǹtí Agatha?"

"Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì," Agatha wí. "Kò sí níbẹ̀." Ó wá yíjú sí Alága, ó gbé ohùn rẹ̀ wálẹ̀, ó fi èdè Ọ̀wọ̀ sọ èyí tó kù fún un, bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ nígbà tí kò bá sí àlejò ní ọ́fíìsì: pé kó dákun, kó dá lẹ́tà náà dúró, torí àwọn obìnrin òun.

Alága tún táì rẹ̀ ṣe. "Ọdún márùndínlógójì ni mo fi sin ìjọba," ó wí, "mi ò fa lẹ́tà padà rí."

"Ẹ má fà á padà, sà," Agatha wí. "Àfikún la máa kọ."

"Àfikún."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Lẹ́tà tó wà nílẹ̀ á wà nílẹ̀. A kàn máa fi nǹkan díẹ̀ kún un ni."

Ojú Alága mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bíi fìtílà tí wọ́n fi epo kún. "Àfikún," ó tún wí. "Ìyẹn kì í ṣe fífà padà."

"Rárá o, sà."

"Ẹ ti ń jẹ owó ìfẹ̀yìntì, orí yín ṣì wà ní ọ́fíìsì," Àlàájà wí, ó sì dìde gbọn aṣọ rẹ̀. "Ẹ kọ ọ́ kíá, kí sìmẹ́ǹtì mi lè sọ̀ kalẹ̀."

Orí búlọ́ọ̀kù ni Agatha jókòó sí kọ ọ́. Kò gùn. Ó ní: "Ní ọdún mẹ́ta, a dúpẹ́ fún afárá Ìdógun nítorí pé a rí i nínú ìwé. Ní ọdún yìí, kò sí nínú ìwé mọ́. Lórí omi, kò tíì síbẹ̀ rí. A fẹ́ kí ẹ bá wa wá a." Alága kà á, kò yí ohunkóhun padà, ó sì buwọ́ lù ú.

Ní àárọ̀ Sátidé, wọ́n dé ilé iṣẹ́ rédíò ṣáájú aago mẹ́jọ. Naimat, ọmọbìnrin tó ń darí ètò náà, fi wọ́n jókòó sídìí ẹ̀rọ. Nígbà tó ní kí Alága máa ka àfikún náà lọ, Alága ti bébà náà sọ́dọ̀ Agatha.

"Ìwọ lo rí i," ó wí. "Kà á."

Agatha kà á. Ohùn rẹ̀ gbọ̀n ní ìlà àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n nígbà tó dé "lórí omi," ó ti dúró gírí. Naimat ní kí ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ pè. Fóònù àkọ́kọ́ tó wọlé jẹ́ ti Ọ̀gbẹ́ni Gbọ́lá, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì tí wọ́n kọ lẹ́tà sí. Ohùn rẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n lẹ́tà yín wà níwájú mi níbí, mẹ́ta ti àwọn ọdún tó kọjá, pẹ̀lú èyí tó dé lọ́jọ́ Tọ́sìdeè. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń dúpẹ́ fún afárá. Àwa rò pé ẹ ti ń gba orí ẹ̀ kọjá ni. Ohun tá a sọ fún Àbújá nìyẹn, pé ó ti parí."

Níta, nínú ọkọ̀, Boniface tó ti ṣí rédíò sókè gbé ọwọ́ lé orí. Agatha wo ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Àwọn náà ló tẹ̀ ẹ́, ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, láì fi àmì kan ṣòfò. Àwọn ló fi ọpẹ́ lé afárá náà jáde nínú ìwé.

"Òótọ́ lẹ sọ," ó wí. "Àwa la dúpẹ́, èmi ni mo sì tẹ̀ ẹ́. A ò lọ wo odò ká tó kọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gbẹ́ni, ẹ̀yin náà ò lọ wò ó kẹ́ ẹ tó gbà á. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ."

Alága fa ẹ̀rọ náà sọ́dọ̀. "Èmi Akínjídé ni mo buwọ́ lu mẹ́rẹ̀ẹ̀rin," ó wí. "Mo ṣe àṣìṣe."

Agatha kò wo ojú rẹ̀. Ó mọ̀ pé kò yẹ kí ènìyàn wo ojú ọ̀gá nírú àkókò bẹ́ẹ̀. Ó kàn ti ife omi tó wà níwájú rẹ̀ sún mọ́ ọn.

Ọ̀gbẹ́ni Gbọ́lá wá lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè. Bàtà dúdú tó ń dán ló wọ̀. Òjò ti rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ Túsìdeè, odò náà sì ti pọ́n díẹ̀. Ó dúró létí omi, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, bíi pé ẹnì kan ló gbé afárá náà sún sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Níbo gan-an ló yẹ kó wà?"

"Ibi tẹ́ ẹ ń wò yẹn náà ni," Agatha wí.

Ní òdìkejì, àwọn tó ru ẹ̀gẹ́ ti ń wọ inú omi bọ̀. Àlàájà Rùqáyyàh, tó fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ìran yìí nìkan, ní kí àlejò bọ́ bàtà, kó lọ wò ó dé òdìkejì, kó má baà tún jẹ́ pé ẹnu ni wọ́n fi sọ fún un. Ó bọ́ bàtà. Ó ká ṣòkòtò dé orúnkún. Ó di apá Boniface mú, àwọn méjèèjì sì wọ inú omi bí ìyàwó àti ọkọ tó ń wọ ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ẹ rọra o, ìyàwó wa!" Àlàájà kígbe.

Wọ́n dé òdìkejì, wọ́n padà. Ṣòkòtò tó ká sókè ti rin dé itan. Ọ̀gbẹ́ni Gbọ́lá kò bínú. Ó ya fọ́tò, ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí, ó wá bèèrè bóyá ẹnì kan ní bébà. Ẹ rò ó wò, bébà ni wọ́n bèèrè níwájú Agatha Fẹ̀sọ̀jayé. Ó fún un ní méjì, kí ó lè ní ẹ̀dà. Ọkùnrin náà kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun dé etí odò náà, òun sì gba inú rẹ̀ kọjá, kò sí afárá. Ó buwọ́ lu méjèèjì. Ó ní òun kò lè búra nípa ti ọdún yìí, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà gan-an ni òun yóò kọ̀wé sí Àbújá pé iṣẹ́ náà kò tíì bẹ̀rẹ̀ rárá, kí wọ́n lè dá a padà sínú ìwé.

Nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ lọ tán, Alága bèèrè fáìlì. Ó tẹ̀ ẹ́ lé iwájú ọkọ̀ Boniface, ó kọ̀wé, ó dá a fún Agatha.

Ohun tó kọ ni: "Fi pamọ́. Lọ́dún tó ń bọ̀, kọ́kọ́ ka ìwé ìṣúná, kí o sì lọ wo odò, kí o tó yí déètì padà."

Agatha gba bírò. Ó kọ "Mo ti rí i, sà" sábẹ́ rẹ̀. Ó fẹ́ ti fáìlì náà pa, ó dúró díẹ̀, ìka rẹ̀ ń jó lórí páálí. Ó wá tún tẹ̀ síwájú, ó fi ìlà kan kún un: "Ẹ̀yin náà, sà."

Ó dá a padà, ó sì yíjú sí ibi tí wọ́n ti ń kó ẹ̀gẹ́ sínú ọkọ̀, bí ẹni tí kò mọ ohun tó wà nínú fáìlì.

Alága kà á. Ó bọ́ gíláàsì, ó nù ún, ó wọ̀ ọ́ padà, ó tún un kà. Lẹ́yìn náà ló mú bírò, ó sì buwọ́ lù ú.